Orúnkún Ọ̀tún

Ọdún mẹ́ta ni ọkọ mi fi gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Yúróòpù, ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo sì máa ń rí i dáadáa, nítorí ọjọ́ yẹn ló máa ń wà nínú fídíò. Láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá pè, yálà oorun ń kun òun tàbí ó ń kun èmi.

Aago mẹ́jọ alẹ́ tiwọn ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, aago méjì ọ̀sán tiwa ní ìlú òyìnbó tí àwa ń gbé lódìkejì òkun. Ilé màmá kan ní Castle Hill ló máa ń bá mi, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Ọmọ wọn tí wọ́n jọ ń gbé jẹ́ nọ́ọ̀sì, kì í sì í sí nílé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọmọbìnrin tèmi, tó ń lọ sí ọdún mẹ́rin, máa ń tẹ̀ lé mi lọ nítorí n kò rí ẹni tí màá fi í sílẹ̀ fún. Tí màmá bá jẹun tán, tí mo bá ti fi òróró pa orúnkún wọn, màá gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì, àwa mẹ́ta á sì jókòó wo bọ́ọ̀lù.

Líìgì tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà ni, àmọ́ orílẹ̀-èdè ọ̀hún kéré. Ọkọ mi ní tí òun bá fi wákàtí kan wa mọ́tò, òun ti wọ ilẹ̀ àwọn ẹlòmíì. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní iṣẹ́ lọ́wọ́: ọ̀kan jẹ́ tíṣà, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, kápẹ́ńtà sì wà nínú wọn. Ìgbà tí wọ́n bá ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́ ni wọ́n tó ń wá ṣe ìdánrawò. Àlejò méjì péré ni òfin gba kíláàbù kọ̀ọ̀kan láyè láti mú wá láti òkèèrè, àwọn méjì yìí nìkan ló sì ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ọkọ mi jẹ́ ọ̀kan. Tí ẹsẹ̀ tíṣà bá yẹ̀, á jókòó, á sinmi, wọ́n á máa kí i. Tí ẹsẹ̀ àlejò bá yẹ̀ ní Sátidé, ẹlòmíì lè ti wà nínú bàálù kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Ọdún kan la jọ fẹnu kò sí nígbà tó ń lọ. Ọmọ wa ò tíì dá jókòó nígbà náà. Ọdún kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Ẹlifétọ̀ ilé tí à ń gbé lẹ́bàá òpópónà Grand Concourse kì í ṣiṣẹ́ lọ títí, èmi ni mò ń gbé ọmọ àti kẹ̀kẹ́ ọmọ gun àjà kẹrin. N kò bá a jà. Ó kàn rẹ̀ mí ni, bí ó ṣe ń rẹ èèyàn tó jí tí kò sì rántí pé òun sùn.

Sátidé kan, ó fò láti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ẹnì kan forí sọ ọ́, ó sì já lulẹ̀ lọ́nà tí n kò fẹ́ràn. Kí n tó rí i dáadáa, ẹni tó ń ya fídíò ti yí kámẹ́rà padà sí apá kejì.

"Ọkọ ẹ dà?" màmá béèrè.

"Ó wà nílẹ̀, mà. Wọn ò fi í hàn mọ́."

"Kí ni wọ́n wá ń wò lọ́hùn-ún?"

"Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń tẹ̀ lé, mà."

"Ṣé bọ́ọ̀lù ló níyàwó ni?"

Ọmọ mi fi ìka kan ojú fóònù. "Dádì, jáde."

Nígbà tí kámẹ́rà padà, ó ti dìde. Ó ń sáré, ṣùgbọ́n mo mọ ìrìn ọkọ mi, mo sì mọ èèyàn tó ń fi ìrora pamọ́. Iṣẹ́ mi ni.

Ó pè lẹ́yìn eré. Ó na ẹsẹ̀ sórí àga, ó gbé yìnyín lé orúnkún.

"Fi hàn mí," mo ní.

"Ó wú díẹ̀ ni. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Tí kóòṣì bá gbọ́, wọ́n á pe ẹlòmíì."

"Ìgbà wo lo wá fẹ́ tọ́jú ẹ̀?"

"Tí sáà bá parí. Oṣù mẹ́ta péré ló kù. Wọ́n tiẹ̀ ní àwọn á tún fún mi ní ọdún kan sí i."

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ọdún kan yẹn. Mo ní, "Máa bọ̀ nílé."

Ó ní, "Oṣù mẹ́ta péré, ìyàwó mi," bí ẹni pé ọdún tó tẹ̀ lé e kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ̀wé sí gúrúùpù àdúrà àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lórí fóònù. Ní ọ̀dọ̀ wa, o ò kàn lè ní kí wọ́n gbàdúrà fún ẹ. Wọ́n á bi ẹ́ pé lórí kí ni, wọ́n á fẹ́ mọ ibi tó ń dunni gan-an. Nítorí náà mo kọ ọ́ tán pátá: "Ẹ bá mi gbàdúrà fún ọkọ mi. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún gan-an, kò sì lè sọ fún àwọn tó gbà á síṣẹ́." Àmín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé.

Ẹ̀gbọ́n tó ń darí àdúrà wa ní àṣà kan. Wọn kì í fi àdúrà sí ojú kan, wọ́n á gbé e lọ bá ẹni tó ni ín níbi tó wà. Wọ́n wá ojú ìwé kíláàbù náà rí lórí ayélujára, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi sí Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ fọ́tò ọkọ mi, wọ́n sì pe gbogbo ayé kí wọ́n dara pọ̀ nínú àdúrà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ mi pè. "Kóòṣì ní kí n lọ rí dókítà."

Mo pe ẹ̀gbọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

"Kí ló dé, àbúrò mi? Òyìnbó mẹ́ta ti ṣe Àmín síbẹ̀."

Màá sọ òtítọ́. Mo mọ ẹ̀gbọ́n yìí. Wọ́n ti gbé àdúrà arábìnrin kan tó ń wáṣẹ́ lọ sí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á rí. N kò lè sọ pé mo rò ó bẹ́ẹ̀, n kò sì lè sọ pé kò wá sí mi lọ́kàn. Mo mọ̀ pé ìka mi dúró díẹ̀ kí n tó fi í ránṣẹ́.

Kíláàbù ní kó máa lọ, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ mi fi wọlé pẹ̀lú báàgì méjì. Ọmọ wa sá sẹ́yìn mi.

Ní Sátidé, ó tẹ̀ lé wa lọ sí Castle Hill. Màmá wò ó láti ẹsẹ̀ dókè.

"Ìwọ lo ga tó báyìí? Nínú fóònù, o ò ju ìka mi lọ."

"Ẹ káàsán, mà." Ó dọ̀bálẹ̀ ní ìdajì, ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó délẹ̀.

Nígbà tó di aago méjì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù ti agolo mílíìkì. Àlejò tuntun wà níbẹ̀, nọ́ńbà ọkọ mi ló sì wọ̀. Ọmọ wa nàka sí i. "Dádì."

"Kì í ṣe èmi nìyẹn," ó ní. "Èmi nìyí." Ọmọ náà wò ó, ó sì padà sí fóònù.

Màmá ti ń tòògbé. Mo ní, "Èmi ni mo kọ àdúrà yẹn."

"Mo mọ̀. Mo kà á."

"O ò wá sọ nǹkan kan."

"Mò ń retí kí o sọ ọ́ ni." Ó yí fóònù díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ọmọ wa. "Òsì ni, ṣá."

"Kí ni?"

"Orúnkún. O kọ ọ̀tún. Dókítà yẹ ọ̀tún wò títí, kò rí nǹkan kan. Mo ti ń wọ ṣòkòtò mi padà nígbà tó ní kí n kúkú jẹ́ kí òun wo ìkejì."

Mo rántí bí ó ṣe dojú kọ mí nínú fóònù: ọ̀tún tèmi, òsì tiẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, kò wá.

"Ṣé o ń bínú?"

"Mo bínú. Inú ṣì ń bí mi." Ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù. "Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ní ó tán, mo sùn. N ò sùn bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta." Lẹ́yìn náà ó ní, "Tó o bá fẹ́ kí n wálé, o bá ti sọ."

"Mo sọ ọ́. O ní oṣù mẹ́ta péré ló kù."

Àlejò tuntun ju bọ́ọ̀lù, kò wọlé. "Kò tẹ orúnkún," ọkọ mi sọ fún fóònù.

"Gbé e wá," mo ní.

"Èwo?"

"Òsì."

Ó gbé ẹsẹ̀ lé mi nítan, ó wúwo. Mo na ọwọ́ sí òróró màmá.

"Kì í ṣe èyí tó wà nínú ìgò pupa," màmá sọ láìlajú. "Ti èjìká nìyẹn."

Mo gbé ìgò kejì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.