Àbíkẹ́yìn ní Hòtẹ́ẹ̀lì Màmá

Ẹ fa àga mọ́ra, kí ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Òórùn káfúrà ni yóò kọ́kọ́ kí yín níbẹ̀. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ṣí àpótí aṣọ tí òórùn káfúrà sì kàn mí nímú, kì í ṣe àpótí yẹn ni mo máa ń rí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan l'Ótò ní Èkó ni mo máa ń rí, lọ́nà Ìdó, ọ̀kan nínú àwọn ilé ayé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì padà wá kọ́. Fèrèsé onípákó aláwọ̀ ewé ló ní, wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe òdòdó sókè ilẹ̀kùn rẹ̀, àtẹ̀gùn onígi inú rẹ̀ sì máa ń dún bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n kan pátákó kékeré kan mọ́, HÒTẸ́Ẹ̀LÌ. Kò sí orúkọ kankan níwájú rẹ̀, kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀. Màmá tó ni ilé ní bí èèyàn bá ti mọ̀ pé hòtẹ́ẹ̀lì ni, kí ló tún kù tó fẹ́ mọ̀?

Opó ni Màmá, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kọjá sókè òkun tán, ilé wá ṣófo, àìrí ẹni bá wí sì fẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di aláìsàn. Ohun tó jẹ́ kó sọ ilé di hòtẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò kó ẹrù ọmọ kankan kúrò, káfúrà ló kó sáàárín wọn kí kòkòrò má bàa jẹ wọ́n. Bàtà ilé-ìwé àkọ́bí ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá àkọ́bí, fìlà ẹgbẹ́ akọrin ọmọ kejì ṣì kọ́ sára ògiri ní yàrá tirẹ̀. Ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá kan wà ní balùwẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ bíi ti kìnnìún. Omi ẹ̀rọ kì í sábà wá, nítorí náà iṣu ni Màmá kó sínú rẹ̀, àwa àlejò a sì máa fi korobá wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu.

Àrà tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé yàrá tí wọ́n bá fún ọ nílé yẹn ni ipò rẹ nínú ẹbí. Ẹni tó bá wọ yàrá àkọ́bí ti di àkọ́bí. Òun ni yóò jókòó sí ipò olórí nídìí tábìlì oúnjẹ, òun ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran, gbogbo ilé ni yóò sì máa pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá bọ́ sí yàrá àbíkẹ́yìn, tó wà lókè ilé ìdáná, òun ni yóò mú ẹran gbẹ̀yìn, òun ni yóò bu omi ìfọwọ́, òun náà ni yóò fọ abọ́. Màmá ò ka ọjọ́ orí sí. Ó ní bí òun bá ní kí òun máa bi olúkúlùkù ní ọjọ́ orí, irọ́ ni wọn yóò máa pa fún òun.

Ayé ìjọba ológun ni mo ń sọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ igbá-kejì ọ̀gá ní ilé-ìwé kan ní Yábàá ni, mo ti Àkúrẹ́ wá, mo sì ń wá yàrá tí n ó háyà. Mo ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, irungbọ̀n mi ti ń ní funfun díẹ̀díẹ̀. Yàrá wo lẹ rò pé Màmá fún mi? Bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ kúrú débi pé láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, ìta ni mò ń sùn.

"Àbíkẹ́yìn," ni Màmá máa ń ké láti ìsàlẹ̀, "sáré lọ ra ata wá!" Èmi tí gbogbo kíláàsì máa ń dìde fún láàárọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, tí onílé rẹ̀ lé jáde ní Múṣín, ló wà ní yàrá àkọ́bí. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ògbufọ̀ kóòtù kan láti Abẹ́òkúta, tó ti fẹ̀yìn tì, tí orí rẹ̀ funfun bí òwú, ló wà ní yàrá ọmọ kejì. Wọ́n ní nígbà tó kọ́kọ́ dé, ògbufọ̀ fárígá.

"Èmi! Kí n pe ọmọ tí mo lè bí ní ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ ò pe òun, yàrá lẹ pè," Màmá dá a lóhùn, ó sì gbé abọ́ rẹ̀ padà sí ilé ìdáná.

Ògbufọ̀ jókòó ti tábìlì òfìfo títí òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fi ṣẹ́gun rẹ̀. "Ẹ káalẹ́, ẹ̀gbọ́n," ó sọ ọ́ sínú irungbọ̀n. Oúnjẹ dé. Ojú ń ti onítẹlifíṣọ̀n náà lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ó ti ń wúkọ́ bíi baálé kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi mọ́ wa lára. Ìsinmi wà nínú kí ẹnì kan máa bi ọ́ bóyá o ti jẹun.

Mo ti ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà, nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà. Bàbá rẹ̀ ń gbé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ọkùnrin kan tó máa ń jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. A ti sún ọjọ́ tí ẹbí mi yóò wá fojú hàn síwájú lẹ́ẹ̀kan, bàbá yìí sì ti ránṣẹ́ pé bí ó bá tún yẹ̀, kí n gbàgbé ọmọ òun. Bàbá àti ìyá mi ti kú. Àbúrò bàbá mi kan ṣoṣo ló kù tó lè ṣáájú mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, awakọ̀ kan láti Àkúrẹ́ wá jíṣẹ́: àbúrò bàbá mi yọ̀ ṣubú lóko, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè wá.

Mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Àbíkẹ́yìn, abọ́ ń dúró dè ọ́," ni Màmá wí. Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Torí ìyẹn lo ṣe fajú ro? Ṣé o ò ní ẹbí nílé yìí ni? Àwa la máa bá ọ lọ. A ò ní purọ́ o. Bí wọ́n bá bi wá, a ó sọ fún wọn. Bí wọn ò bá bi wá, a ò ní dí wọn lọ́wọ́."

A wá ṣètò pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, kí kálukú padà sí ọjọ́ orí rẹ̀. Ògbufọ̀ ni yóò ṣe àgbà. Onítẹlifíṣọ̀n ni yóò gbé apẹ̀rẹ̀ èso, yóò sì pa ẹnu mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," mo bẹ̀ ẹ́.

"Kò burú, àbúrò," ó wúkọ́. "Mo ti yọ̀ǹda."

Ẹ ò rí ògbufọ̀ lọ́jọ́ náà! A dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, a dọ̀bálẹ̀, a dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ bí ẹni pé adájọ́ ló wà níwájú rẹ̀. Ó yìn mí débi pé èmi fúnra mi fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Bàbá ìyàwó ń mi orí. Mo rí ojú àfẹ́sọ́nà mi lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ni àǹtí àfẹ́sọ́nà mi kan bá gbé ẹran díndín jáde nínú àwo ńlá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú ògbufọ̀ tí í ṣe àgbà.

Ògbufọ̀ gba àwo náà. Kò tilẹ̀ ronú. Ó yíjú padà sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọmọ tó gbé apẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú tiyín."

Onítẹlifíṣọ̀n náà na ọwọ́, ó ṣa èyí tó tóbi jù. "O ṣé, àbúrò," ló sọ fún orí funfun. Èmi ńkọ́? Mo ti dìde, mo ti ń wá ibi tí omi ìfọwọ́ wà.

Àǹtí náà, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ dúró ná," bàbá ìyàwó wí. "Ta lẹ pè ní ẹ̀gbọ́n?"

Ògbufọ̀ la ẹnu, gbogbo ọ̀rọ̀ kóòtù ti sá lọ. Ẹran ti dí ẹnu onítẹlifíṣọ̀n. Bàbá náà kọjú sí mi. "Ìwọ, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀gbọ́n rẹ yìí?"

"N ò mọ̀, sà," ni mo wí. "Yàrá tó ń sùn ni mo mọ̀."

Màmá ló gbà mí sílẹ̀. Ó rò ó látòkèdélẹ̀: ẹsẹ̀ àbúrò bàbá mi, yàrá kọ̀ọ̀kan, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, kò fi iṣu inú ọpọ́n ìwẹ̀ sílẹ̀. Àǹtí náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi gèlè bojú. Ojú bàbá ìyàwó kò yí padà. Ọkàn mi ti ń kó ẹrù padà s'Ákùúrẹ́.

"Ta ló wá ń fọ abọ́ nílé náà?" ó bèèrè.

"Èmi ni, sà."

Ó wò mí, ó wo irungbọ̀n mi. Ó wá pariwo sẹ́yìn kọ́tìnnì. "Ìwọ tó fara pamọ́ síbẹ̀ yẹn, ṣé o gbọ́? Ó ń fọ abọ́!" Ó yíjú sí Màmá. "Bí ẹsẹ̀ ẹbí rẹ̀ bá san, kí wọ́n wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ bá wọn wá. Ẹni tó lè gba ọmọ kékeré yìí ní ẹ̀gbọ́n, tí kò bá a jà, yóò lè bá ọmọ mi gbé. Olórí kunkun lọmọbìnrin yẹn." Ìgbà náà ló tó mú ẹran.

Ọdún ti gorí ọdún. Màmá ti sùn nínú Olúwa. Àwọn ọmọ rẹ̀ dé láti òkè òkun, wọ́n ta ilé, wọ́n sì pín ohun inú rẹ̀, wọn ò gbàgbé wa. Àkọ́bí gidi gba ọpọ́n ẹlẹ́sẹ̀ kìnnìún. Ògbufọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún pátákó, ó kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, títí ó fi jáde láyé ni àwọn èèyàn ń kan ilẹ̀kùn pé àwọn ń wá yàrá. Onítẹlifíṣọ̀n gba àga tí àkọ́bí ń jókòó sí nídìí tábìlì. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì kúkúrú fún mi, orí rẹ̀ ni gbogbo ọmọ tí èmi àti nọ́ọ̀sì yẹn bí sì ti dàgbà.

Lónìí, èmi ni àgbà nínú ẹbí wa. Ibi tí mo bá yà sí, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á gbé ẹran síwájú mi, wọ́n á dákẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Ó ń rẹ ènìyàn, ẹ gbà mí gbọ́. Ní gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń pè mí ní àbúrò. Ó pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ́kọ́ wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Àbúrò, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló fọ abọ́?"

Mo wo ọwọ́ mi. Ọṣẹ ṣì wà níbẹ̀.