Ọmọ Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Súnmọ́ Iná

Púpurú ni mo ń ṣe jẹun láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, ní abúlé wa lẹ́yìn Erinje, nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ẹni tó bá mọ púpurú mọ̀ pé iṣẹ́ iná ni. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó sì mọ ọ́n róbótó bí orí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà a ó tò ó sórí àjà nínú ahéré, kí iná àti èéfín máa mú un gbẹ láti ìsàlẹ̀. Bí iná bá pọ̀ jù, ẹ̀yìn rẹ̀ á jó, inú rẹ̀ á sì kan. Bí iná bá kú, gbogbo rẹ̀ á bu. Bó bá gbẹ dáadáa, a ó fi ọ̀bẹ ha dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, funfun inú la ó gún.

Ní ọdún tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í bá ojú mi jà ni wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá sí ilé tó kángun sí tèmi. Ọmọ ọmọ aládùúgbò mi ni, ìyá Mùsùlùmí kan tí mo máa ń bá jẹ ẹran Iléyá, tó sì máa ń bá mi jẹ ìrẹsì Kérésì. Ọmọ náà tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó gbé e dé kò fara sin. Ó dáná sun àpótí aṣọ ìyàwó bàbá rẹ̀ ní Àkúrẹ́, iná náà ran ilé ìdáná, díẹ̀ ló kù kó mú gbogbo ilé. Bàbá rẹ̀ ní kó wà lọ́dọ̀ ìyá òun títí òun yóò fi ráyè wá mú un lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń ti àwọn ọmọ olóríkunkun mọ́lé, tí wọ́n ń fi pàṣán tún wọn ṣe. A ti rí ẹni tó ti irú ibẹ̀ bọ̀ rí. Kì í wo èèyàn lójú mọ́.

Ìyá àgbà rẹ̀ kì í dáná àfi bó bá rán an lọ pọnmi. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Ilé-ń-jó, wọ́n á pè é tán, wọ́n á sá. Òun náà kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni mo ń rí i lórí ìtí ọ̀pẹ kan lódìkejì, tó ń wo èéfín ahéré mi.

Lọ́jọ́ kan, omijé èéfín ò jẹ́ kí n ríran. Mo pè é.

“Ìwọ ọmọ yìí, wá bá mi ti igi yẹn síwájú.”

Kò dìde. “Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí mo ṣe ni?”

“Mo gbọ́. Igi ni mo ní kóo tì.”

“Tí mo bá wá sun ahéré yín ńkọ́?”

“Ó ti jó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó bí ọ, èmi náà ni mo sì sun ún. Bó bá tún jó, ìwọ lo máa gé imọ̀ ọ̀pẹ tá a máa fi bò ó.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó jí ẹ̀rín náà. Ó wá, ó ti igi.

Kí n má purọ́, àánú kọ́ ló mú mi pè é. Ọwọ́ ni mo ń wá.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun ń sọ Yorùbá ilé-ìwé, èmi ń sọ Ìkálẹ̀, nígbà tó yá àwa méjèèjì ń sọ èdè tí kì í ṣe tẹnì kankan.

“Màmá, ẹ̀ ń fẹ́ná bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.”

“Mo ti ń fẹ́ná kí bàbá rẹ tó lè jókòó.”

“Ìyẹn náà ló jẹ́ kójú yín pọ́n.”

Ohun tí mo rí lọ́wọ́ ọmọ yẹn, títí dòní, bí mo bá ń sọ ọ́, mo máa ń dákẹ́ láàárín. Á jókòó, á dijú. Á ní, “Apá ọ̀tún ti fẹ́ gbiná.” Èmi á dìde wò ó, mi ò ní rí nǹkan kan. Kí n tó padà jókòó, ahọ́n iná á yọ lápá ọ̀tún. Á fa igi kan sẹ́yìn díẹ̀, kò ju ìka méjì lọ, iná á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Púpurú tó bá tọwọ́ rẹ̀ jáde, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni dúdú tí à ń ha lára rẹ̀, inú rẹ̀ á funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ìyá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà míì tí mo bá ń wò ó, ẹ̀rù Ọlọ́run á bà mí.

Mo bi í bó ṣe ń mọ̀.

“Ó ń sọ̀rọ̀, Màmá. Kó tó jó, á kọ́kọ́ mí.” Ó fa igi kan sẹ́yìn. “Lọ́jọ́ yẹn náà, mo gbọ́ ọ. Omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò pa á.”

Mo bu omi fún un mu. Mo ní kó yí àwọn tó wà létí àjà padà.

Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ dé, àjà kún fọ́fọ́, tútù ni gbogbo rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń fọ asẹ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún un pé ìdí iná lọmọ rẹ̀ ń wà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó yọjú sí ahéré, ó rí i tó kúnlẹ̀ níwájú iná ní òun nìkan. Ó gbé báàfù omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dà á sí iná náà. Ariwo rẹ̀ ló gbé mi wá. Eérú gbéra, ó bo gbogbo púpurú.

“O tún fẹ́ sun ti ìyá oníyàá!”

Mo ní, “Ìwọ ọkùnrin yìí, èmi ni mo fi iná sí i lọ́wọ́.”

“Màmá, ẹ ò mọ ọmọ yìí.”

Mo wo ọmọ náà. Mo mọ̀ pé bó bá figbe ta, tàbí tó bá gbé igi sí bàbá rẹ̀, ó parí nìyẹn. Á mú un lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè bẹ̀bẹ̀.

Ọmọ náà ń fi igi wa ẹrẹ̀ eérú náà síta díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹyin lábẹ́ adìẹ. Mo na ìṣáná sí i. Ó mi orí.

“Igi ti mumi, Màmá. Ìṣáná ò lè mú un.”

Nísàlẹ̀ pátápátá, ó rí ògúnná kan tí omi ò dé, kò ju ekùrọ́ lọ. Ó gbé e lé ìhá ẹyìn gbígbẹ tí a máa fi ń ran iná, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, ó ń mí sí i. Kò fẹ́ ẹ. Ó ń mí sí i ni, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ọmọ bá ń sùn. Ìyá àgbà rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ tó ń sá fún un náà ti dé. Èéfín tín-ín-rín kan yọ láàárín ìka rẹ̀.

Láìyíjú, ó ní, “Dádì, ẹ bá mi mú igi wá. Ó wà lẹ́yìn ilé. Èyí tó fúyẹ́.”

Ọkùnrin náà gbé báàfù kalẹ̀, ó lọ. Ó kó igi dé.

“Èyí wúwo, Dádì. Ó ṣì tútù.”

Ó tún padà lọ. Títí ọjọ́ fi rọ̀ ló ń gbé igi, tí ọmọ rẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì ń fi ìyẹ́ adìẹ gbọn eérú kúrò lára púpurú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ọlọ́kadà padà wá gbé bàbá àtọmọ, bí wọ́n ti ṣàdéhùn. Bàbá náà jáde, ojú rẹ̀ pọ́n bíi tèmi. Ó dúró, ó wo inú ahéré pẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó gun ọ̀kadà.

“Ẹni kejì ńkọ́?” ni ọlọ́kadà bèèrè.

“Ó wà lẹ́nu iṣẹ́,” ló fi dá a lóhùn.