Orúkọ Ìyá Rísì Lára Pátákó

Lánàá, ní Ìyànà Ìbà, ọkùnrin kan ń kun ojú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀dà. Bí òórùn ọ̀dà náà ṣe gbá mi nímú, ẹsẹ̀ mi dúró. Àwọn ọlọ́jà ń tì mí, wọn ò mọ̀ pé mo ti padà sí kíláàsì wa ní Ọ̀jọ́ àtijọ́.

Òmìnira ò tíì dé nígbà náà, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ti gba ìlú. Tíṣà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí sítáàṣì ò jẹ́ kí ṣòkòtò rẹ̀ tẹ̀, ní ká yan àwọn èèyàn tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn orílẹ̀-èdè wa, kí òun fi ọ̀dà kọ wọ́n sára pátákó. Ọba la dárúkọ, gómìnà la dárúkọ. Èmi dárúkọ òyìnbó kan tí ahọ́n mi ò lè gbé.

Rísì, ọ̀rẹ́ mi, dìde. "Ìyá mi, sà."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo Ọ̀jọ́ ló mọ̀ pé nígbà tí ọkọ̀ àwọn ọlọ́jà dojú dé lórí ọ̀sà, Ìyá Rísì ló wa ọkọ̀ lọ kó wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lọ tí wọ́n bọ̀. Nígbà kẹta, omi ò dá Ìyá Rísì padà. Rísì ṣì ń rá nígbà náà.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí. "Kí lorúkọ wọn?"

Rísì ò mọ̀ ọ́n, ó yíjú wò mí. Ta ló ń pe àgbà lórúkọ nígbà tiwa?

"Tá a bá kọ Ìyá Rísì, wọ́n á bi wá pé ta ni Rísì. Wá orúkọ wọn wá kó tó dọ̀la."

A béèrè káàkiri. Ìyáálé ilé ní "ìyàwó wa" lòun ń pè wọ́n. Àwọn tí wọ́n kó yọ nínú omi pàápàá ò mọ̀ ọ́n, ojú sì tì wọ́n. Ó wá ku Bàbá Rísì, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ ìyàwó wọn létí wọn. Wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe létí omi nígbà tí Rísì kúnlẹ̀.

"Bàbá, kí lorúkọ ìyá mi?"

Wọ́n gbé àwọ̀n náà sílẹ̀. "Mòríámọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n tún un pè, bí ẹni ń pe ẹni tó wà nínú yàrá, ni wọ́n bá bú sẹ́kún. Rísì náà ń pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí a fi délé.

Tíṣà kọ ọ́ sísàlẹ̀ àwọn gómìnà. Pátákó náà ti jẹrà, Rísì náà ti lọ, àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. A ṣì ń pe ìyá ní ìyá lágbájá, ọ̀wọ̀ ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi mọ́. Lálẹ́ àná, mo pe àwọn ọmọ-ọmọ mi jókòó, mo sọ orúkọ mi fún wọn. Wọ́n ń tijú. Mo ní kí wọ́n pè é kí n gbọ́.