Ọjọ́ tí Firíìjì Ìpele Dákẹ́

Ẹ̀rù iná mànàmáná ń bà mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ firíìjì ní Ọ̀wọ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ fi kan firíìjì, bí ẹni ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Ọ̀gá ló kọ́ mi: bí iná bá gbé ẹ̀yìn ọwọ́, ọwọ́ á ká kúrò, kò ní di irin mú. Mo tún máa ń pe Jésù mọ́ ọn. Ọ̀gá kọ́ ló kọ́ mi ní ìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láyé ìjọba ológun, ìyá kan ránṣẹ́ pè mí ní Ìpele. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà l'Ékòó.

"Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí kò tutù," ó ní, "bẹ́ẹ̀ ó ń kùn tọ̀sántòru, kò sinmi. Abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ mi ni mo kó sí ẹ̀gbẹ́ àmù yẹn, torí ibẹ̀ tutù díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní tó bá fi lè gbóná, ó bàjẹ́ nìyẹn. Mi ò sì ní òmíràn."

Tó bá jẹ́ pé gáàsì tó ń mú un tutù ló jò tán, mi ò ní gáàsì nílẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, mo ní, "Jésù."

"Ta lò ń pè, Ẹ̀ńjiníà?"

"Ọ̀gá mi àgbà ni, Mà."

Pálọ̀ ni firíìjì náà wà. Màmá ti fi kọ́tìnnì bò ó látòkè délẹ̀, ó tì í mọ́ ògiri pinpin. Mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀: àwọn páìpù dúdú tí ooru inú rẹ̀ ń gbà jáde gbóná bí ààrò.

"Mà, ẹ da búláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹni tó ń làágùn!"

"Kí eruku wá bà á jẹ́? Ọmọ mi ló rà á. Mo fẹ́ kó bá a ní tuntun."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

Ó ń ká kọ́tìnnì náà. Ó pẹ́ lórí kíká.

Mo fa firíìjì kúrò lára ògiri, mo gbá eruku ẹ̀yìn rẹ̀, mo ní ká fún un láyè kó mí. Màmá se iṣu fún mi. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí n tó gbọ́ "kú!" Firíìjì dákẹ́. Inú mi dùn, torí èyí tó bá tutù tó ló ń sinmi.

Ojú Màmá yí padà. "Iná lọ ni?"

"Rárá o. Ó ti tutù ni, Mà."

Ilé pa lọ́lọ́. Mò ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìnkùlé.

"Ó ti mọ́ mi lára," ó ní. "Bí mo bá jí, mo máa ń gbọ́ ọ."

Mo ti di irinṣẹ́ mi tán, àmọ́ mi ò lè dìde. A jókòó, àwa méjèèjì, à ń wo firíìjì bí ẹni ń retí àlejò, títí ó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ó ti dé," Màmá wí. Ó dìde, ó kó abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò kì í kúrò nídìí firíìjì tí mo bá tún ṣe, àfi tó bá dákẹ́, tó sì tún dáhùn. Àwọn oníbàárà a ní, "Ẹ̀ńjiníà yìí mà fara balẹ̀ o!" Mo máa ń dúpẹ́. Mi ò kì í sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ń retí mi nílé.