Yínúsà Káfíńtà, Bàbá Ààbọ̀ ti Mowe

Ohun tí gbogbo ará Mowe kọ́kọ́ máa ń rántí nípa olóògbé Yínúsà Káfíńtà ni ọjọ́ tó gbé omi àgbàrá lọ dá padà fún ìjọba.

Oṣù keje ọdún 2005 ni. Òjò tó yẹ kó pín ara rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti kún yàrá Yínúsà, bàtà rẹ̀ méjèèjì sì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹja. Ẹlòmíì á gbọ́n omi, á ráhùn, á gbàgbé. Yínúsà bu omi náà kún kẹ́ẹ̀gì, ó dé e pa, ó wọ agbádá tó fi ń kírun Jímọ̀, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" Fàsílátù ìyàwó rẹ̀ bi í. Ó ti ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó ń gbọ́n omi síta.

"Omi yìí ní ẹni tó ni ín," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì lọ.

Nínú ọkọ̀, kọ̀ndọ́ọ̀ béèrè ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Yínúsà ní ẹrù ìjọba ni. Kọ̀ndọ́ọ̀ ní ẹrù ìjọba náà ń san owó ọkọ̀. Wọ́n fà á títí dé Ọ̀fàdà, àfìgbà tó rẹ kọ̀ndọ́ọ̀ tó gba ààbọ̀. "Èmi ló gbé e, ìjọba ló ni ín," Yínúsà ṣàlàyé. "Bó o bá délé, lọ gba ààbọ̀ tó kù lọ́wọ́ wọn."

Ẹni tó bá ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ni Mádàámù Ìbíwùnmí, obìnrin onísùúrù kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Yínúsà gbé kẹ́ẹ̀gì lé tábìlì rẹ̀.

"Omi yín rèé, Mádàámù. Ó ṣìnà wọ ilé mi. Mo wá dá a padà."

Mádàámù wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo agbádá. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé bàsíà wá, ó sì da omi náà sínú rẹ̀. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà méjì léfòó.

"Bàbá, ìjọba ló mu omi inú ọ̀rá yìí?"

"Èèyàn ló mu ún. Ìjọba ni kò kó o."

Mádàámù ti ìka bọ omi, ó fa nǹkan pupa kan jáde tó rí bíi gàrí. "Lẹ́búlẹ́bú pákó nìyí. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, Bàbá?"

Yínúsà ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sínú agbádá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ló ti ń gbá ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sínú gọ́tà. Ó ní, "Káfíńtà ni mí. Ṣùgbọ́n a pọ̀ ní Mowe."

Ọmọ Ìkìrun ni, ó wá gba yàrá méjì lọ́wọ́ Olúsànyà onílé nígbà tí igbó ṣì wà lẹ́yìn ilé wọn. Kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Fàsílátù bá a lọ́jọ́ kan tó ń wọn ẹran inú ọbẹ̀, kó lè fi ẹ̀rí hàn pé tòun kéré sí ti Nàfísàt ọmọ wọn. Nàfísàt jẹ ẹran méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń jiyàn.

Nítorí náà, nígbà tó ti ọ́fíìsì dé, tí Fàsílátù ní kí ni wọ́n wí, èsì rẹ̀ ò ya ìyàwó lẹ́nu.

"A pín in. Ààbọ̀ ẹ̀bi jẹ́ tiwa, ààbọ̀ jẹ́ tiwọn."

Kò sẹ́ni tó pín nǹkan kan. Inú ọkọ̀ ló ti dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọn ìbú gọ́tà iwájú ilé. Ínǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ta okùn sí àárín gan-an, ó kó ẹrẹ̀ ínǹṣì mẹ́tàlá tó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀ kúrò, ó wá ri pátákó mọ́ ààbọ̀ kejì: TI ÌJỌBA. Ọjọ́ náà ni àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Ààbọ̀.

"Baba Nàfísàt," Fàsílátù ní, "omi ò mọ ààlà o."

"A óò fi hàn án."

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ẹrẹ̀ ìjọba ya lu ààbọ̀ Yínúsà, omi sì padà wọlé bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Nígbà tí Yínúsà jí, ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kan ti ìjọba?"

"Èmi ni ìjọba ilé yìí," Fàsílátù dáhùn láìgbójú sókè. "Ẹ mú ṣọ́bìrì kejì."

Ó mú un.

Lọ́dún 2007, rédíò ń sọ pé igi tí à ń gé àti èéfín tí à ń tú sáfẹ́fẹ́ ló ń da ojú ọjọ́ rú, pé ìdí nìyẹn tí ooru fi ń le sí i, tí òjò sì ń gbàgbé ìgbà rẹ̀. Yínúsà gbé ayùn sílẹ̀. Ó wo ẹ̀yìnkùlé tí igbó wà tẹ́lẹ̀, ilé alájà ló kún ibẹ̀. Ó wo pákó iwájú ara rẹ̀. Fàsílátù rí i pé kò jẹun ọ̀sán dáadáa lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ra bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọmọ igi máńgòrò kan nínú agolo.

Ìyá kan tó ń jẹ́ Ayọ̀níkẹ́ wá láti Arepo, ó ra bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ relé ọkọ. Kò fẹ́ igi.

"Sìmẹ́ńtì ni gbogbo ọgbà wa, Bàbá."

"Ẹ gbìn ín sílé ọkọ ọmọ yín."

"Bí àna mi bá ní òun ò fẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ má fún un lọ́mọ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gba igi méjì.

Ṣùgbọ́n Yínúsà ò ní dá ṣe é. Ó gba ọ́fíìsì Mádàámù Ìbíwùnmí lọ, ó ń ti yàrá bọ́ sí yàrá, ó ń ka àga. Ó ní méjìlélọ́gbọ̀n ni, kí ìjọba gbin igi méjìlélọ́gbọ̀n.

"Bàbá, ìjọba kì í gbin nǹkan láìsí fáìlì," ni Mádàámù wí.

"Pépà ló wà nínú fáìlì, igi sì ni pépà. Ẹ fi ẹyọ kan lé e."

Mádàámù Ìbíwùnmí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí.

Olúsànyà onílé ni kò rí ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. "Yínúsà, o ń yọ wá lẹ́nu," ó máa ń wí. "Àwọn òyìnbó ń tú èéfín. Àwọn tó ń wa epo ń jó gáàsì nù láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ìjọba ń wò wọ́n níran. Ṣé ọ̀rá píọ́ wọ́tà tèmi ló wá ń ba ayé jẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn Yínúsà. Ó ń rò ó bó ṣe ń fá pákó, ó ń rò ó lórí oúnjẹ. Fàsílátù mọ̀, nítorí ìgbà yẹn nìkan ni kì í wọn ẹran.

Lóṣù kẹfà ọdún 2008, òjò mìíràn ya dé. Gọ́tà iwájú ilé Yínúsà mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ti àwọn yòókù dí. Omi ti ògiri ọgbà Olúsànyà wó, kété tí Tòún ọmọ-ọmọ rẹ̀ dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà. Àga tí ọmọ náà jókòó lé fọ́ yángá. Nígbà tí Yínúsà dé ibẹ̀, ó bá bàbá àgbà náà lórí ìkúnlẹ̀, ó gbá ọmọ mọ́ra.

Yínúsà lọ́sọ̀ọ́ tì í. "Lánlọ́ọ̀dù, òótọ́ lẹ̀ ń sọ látọjọ́ yìí. Tiwa kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré yẹn ló wà níbi tí ọwọ́ wa tó. Ẹ jẹ́ ká ṣe é tán, kí wọ́n má lè fi í ṣe àwáwí mọ́."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Olúsànyà ló kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ọkọ́. Àdúgbò tú síta. Kí oṣù tó parí, gọ́tà ti mọ́ láti ilé àkọ́kọ́ dé etí títì ńlá. Níbẹ̀ ni agbára wọn pin sí. Páìpù tó gba abẹ́ títì kọjá ò fẹ̀ ju ẹnu ìkòkò lọ.

Yínúsà tún gba ọ́fíìsì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé nǹkan kan dání. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Mádàámù Ìbíwùnmí, òun tó fi ogún ọdún jù ú lọ.

"Ẹ dìde, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ẹ bá mi kálọ, Mádàámù. Òjò ti ṣú."

Mádàámù wá. Ó tẹ̀ lé gọ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ nínú òjò, kò sì rí ọ̀rá kan. Omi ń sáré geere títí ó fi dé etí títì, ló bá dúró, ló bá ń padà sẹ́yìn, ló kún bàtà Mádàámù.

"Mádàámù," Yínúsà rọra wí, "ibi tí ẹ dúró sí yẹn ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo ẹnu páìpù náà. Lẹ́yìn náà ni ìwé tó kọ lórí páìpù náà ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí èkejì fún oṣù mẹ́fà, tí òun náà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, wọ́n hú páìpù àtijọ́, wọ́n kọ́ ojú omi kọnkéré ńlá sábẹ́ títì. Yínúsà wọlé sínú rẹ̀ pẹ̀lú téépù, ó ní ó fi ínǹṣì méjì kéré sí ohun tó wà nínú ìwé. Wọ́n bá a jiyàn lọ́jọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n fẹ̀ ẹ́.

Òjò ọdún náà rọ̀ dáadáa, kò sì wọ ilé ẹnikẹ́ni. Lóṣù kẹjọ, nígbà tí òjò sinmi díẹ̀, ibà ṣe Yínúsà fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì rọra lọ. Níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè rẹ̀, àwọn ọkùnrin àdúgbò dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń retí ẹni tó máa sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n gbẹ́. Olúsànyà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Òun náà ló kọ́kọ́ sunkún.

Òjò padà dé lóṣù kẹsàn-án, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ó le. Fàsílátù gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Ilẹ̀ yàrá lẹ́yìn rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó ń wo omi bó ṣe ń kọjá níwájú ilé, tó ń sáré lọ sábẹ́ títì láìbojú wẹ̀yìn, tí àwọn ọmọdé ń pariwo lé e. Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá ọkùnrin náà jiyàn, kò sì jẹ́ kó borí rí.

"Ẹ jàre, Baba Nàfísàt," ó wí jẹ́jẹ́.

Ó tẹ́tí díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé wọn ò ní ṣàìfèsì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òjò nìkan ló ń dún. Fàsílátù rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìró nu ojú, ó sì sún àpótí rẹ̀ síwájú díẹ̀ kó lè ríran dáadáa.