Ẹ̀bẹ̀ Tí Wọ́n Sọ Di Ẹ̀rí Olè

Ọdún ti gorí ọdún, àwọn èèyàn ní kí n gbàgbé. Mi ò gbàgbé, mo ṣì ń bínú. Ẹni tí wọn ò pe ọkọ rẹ̀ lólè rí ló máa sọ pé kí n gbàgbé.

Oregbeni nílẹ̀ Edo là ń gbé nígbà náà, ní yàrá méjì lẹ́yìn ilé lánlọ́ọ̀dù wa. Iṣẹ́ iná ni ọkọ mi ń ṣe. Èmi ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn télọ̀ lọ́jà Santana. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lánlọ́ọ̀dù jí, kò bá ẹ̀rọ tó fi ń fa omi kànga rẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ló tún ẹ̀rọ náà ṣe gbẹ̀yìn, ìyẹn nìkan sì ti tó fún ọkùnrin náà. Ó dúró láàárín ọgbà, ó ń pariwo pé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u ló tú u lọ. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó rí ọkọ mi nídìí kànga. Wọ́n da gbogbo ẹrù wa síta, wọn ò bá nǹkan kan.

Ká ní a dákẹ́ ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ìbá kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wá. Alága ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá àdúgbò wa, bàbá arúgbó kan tó ń ta pákó nígbà kan rí, gbọ́, ó sì dé pé kí òun wá pẹ̀tù sí i.

Ọkọ mi ní, "Bàbá, mi ò mú nǹkan kan o."

"Ta ló ní o mú un? Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó lè tún ìlú ṣe. Dọ̀bálẹ̀ ná."

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì lójú gbogbo ayálégbé. Bàbá dúró tì í, ó ń ké sí lánlọ́ọ̀dù pé, "Abeg sir, no vex, forgive us." Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Inú bí mi débi pé orúnkún mi kọ̀, mi ò kúnlẹ̀.

Lánlọ́ọ̀dù ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wá mú ọkọ mi.

Àwọn ọlọ́pàá ò bi í bóyá ó jalè. Ibi tó tà á sí ni wọ́n ń bi í. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ti àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọn ò gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan ọ̀hún tán kí wọ́n tó dá a.

Lọ́yà tá a gbà jẹ́ obìnrin, ọmọ Edo, tó ní ọ́fíìsì lójú ọ̀nà Ugbowo. Òun ló gba béèlì ọkọ mi ní kóòtù Májísíréètì. Ó là á yé wa pé ẹ̀sùn olè jíjà kì í ṣe ẹ̀sùn yẹpẹrẹ; bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà fún un, ó fọwọ́ lérán.

"Madam, why una go beg for wetin una no do?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin wa, tó ń gbọ́ Yorùbá àmọ́ tí kì í sọ ọ́, ti ilé ẹ̀kọ́ wá bá mi lọ́jà. Ó ní, "Mummy, dem dey call me tief pikin." Mo sunkún níwájú àwọn oníbàárà mi, ojú ò tì mí.

Ọlọ́pàá tó ń ṣẹjọ́ fún ìjọba wá dá àbá: kí ọkọ mi gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn kan tó kéré sí i, kó sanwó ìtanràn, kó máa lọ sílé. Ẹ sì gbọ́ o, àwọn ará ẹgbẹ́ Yorùbá wa tún wá ń bẹ̀ wá pé ká gbà! Ọkọ mi, tí kì í bá àgbà jiyàn, ní òun ò ní í fẹnu ara òun pe ara òun lólè.

Lọ́jọ́ ẹ̀rí, lọ́yà wa bi lánlọ́ọ̀dù bóyá ó rí ẹni tó gbé ẹ̀rọ. Kò rí i. Ṣé wọ́n bá ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọkọ mi? Wọn ò bá a.

"But e lie down for ground beg me! If e no tief am, wetin e dey beg for?"

Àwọn èèyàn kùn nínú kóòtù. Mo rí i pé adájọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lọ́yà wa wá pe bàbá alága. Bàbá ní Yorùbá lòun máa fi sọ tòun, ògbufọ̀ sì dúró tì í.

Ọlọ́pàá agbẹjọ́rò bi í pé, "Kí lẹ ní ọkùnrin yìí ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Kí lẹ wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Bàbá wò ó bí ẹni ń wo ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. "Wọ́n ń bínú ni. Ẹni tó bá ń bínú, ṣebí à á bẹ̀ ẹ́ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ògbufọ̀ tún un sọ, ó tún kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dájọ́, ó ní ẹ̀bẹ̀ lásán kì í ṣe ẹ̀rí olè, ó sì dá ọkọ mi sílẹ̀.

A kó kúrò nílé náà. Nígbà tá à ń di ẹrù sọ́kọ̀, lánlọ́ọ̀dù wà lójú fèrèsé, ó ń wò wá. Mo gbé àpótí òwú mi sílẹ̀, mo dojú kọ ọ́. Gbólóhùn ẹ̀bẹ̀ kan péré ni mo ń retí, irú èyí tí wọ́n bá ọkọ mi sọ fún un láìjẹ̀bi.

Ó pa fèrèsé dé.