Ọjọ́ tí Alhaja Kúnlẹ̀ fún Mi

Òórùn aró ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Òwu. Ẹni tí kò bá gbé ilé aláró rí lè sọ pé ó ń rùn, n kò ní bá a jà. Bí eérú tútù àti ewé tó ti kẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá lajú tí n kò gbọ́ òórùn yẹn, mo mọ̀ pé ilé onílé ni mo sùn.

Alhaja, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni àwọn ìkòkò aró náà. Bó bá ti kírun àsùbáá tán, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, yóò ṣí ìkòkò, yóò ti ìka bọ aró, yóò sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ahọ́n ló fi ń mọ̀ bóyá aró ti tó rẹ aṣọ. Nítorí náà, ahọ́n rẹ̀ kì í mọ́ tán. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n nígbà náà á rántí pé bó bá rẹ́rìn-ín, àwọ̀ aró lẹ ó kọ́kọ́ rí.

Ìgbà tó bá ti tọ́ aró wò tán ló tó ráyè ìkíni mi. Alhaja kì í gba ìkúnlẹ̀ yẹpẹrẹ. Bí mo bá kàn tẹ eékún díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, kò ní dá mi lóhùn. Yóò máa wo ọ̀kánkán títí eékún méjèèjì á fi kanlẹ̀. "Ilẹ̀ ò bù ọ́ jẹ," ló máa ń sọ. Bàbá àti ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ìdájí ni wọ́n ń jáde, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó wọlé, nítorí náà ọwọ́ Alhaja ni mo dàgbà sí. Ó kọ́ mi débi pé bí mo bá ti gbúròó àgbàlagbà lẹ́nu ọ̀nà, eékún mi á ti wà nílẹ̀ kí n tó mọ ẹni tó dé.

Ọjọ́ Sátidé ni bàbá mi máa ń di ẹlòmíràn. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Olóhùn. Lọ́sàn-án Sátidé, wọn á dúró níwájú èrò nínú gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò wa, wọn á mú ìwé lọ́wọ́, wọn á sì máa ka ìtàn sókè, wọn á máa fi ohùn àti ara ṣe é. Wọn kì í wọ aṣọ eré, wọn kì í kun ojú. Àwọn ìtàn náà kì í ṣe ti àtijọ́. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí ni wọ́n dá lé, tàbí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ayé bá yí padà. Bọ̀dá Láńre, tíṣà kan ní Owódé, ló ń kọ wọ́n. Á wọ bọ́ọ̀sì, á gun ọ̀kadà, á dé pẹ̀lú eruku lórí àti ìwé lábẹ́ apá.

Ìtàn kan wà tí ìjọba ti ń pín oòrùn bí wọ́n ṣe ń pín iná. Òní, oòrùn Òwu ni. Ọ̀la, ti Ìjẹmọ̀ ni. Ọ̀tunla, ti Aké ni. Bàbá mi ni òṣìṣẹ́ tó ń tan oòrùn. Kò tíì jìnnà nínú kíkà tí ọkùnrin kan fi dìde láàárín èrò, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tó jẹ́ pé ti Aké kì í lọ?" Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọkùnrin náà látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ wá sí ọ́fíìsì."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwa Ẹ̀gbá kò lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹnì kan máa dá ìtàn sọ. Èrò á bèèrè ọ̀rọ̀, wọn á bá ọba inú ìtàn jiyàn, wọn á bá ìyàwó tí ọkọ ń fìyà jẹ kẹ́dùn. Bọ̀dá Láńre sì ní òfin kan tí kì í yẹ̀: "Bí èrò bá bi yín léèrè, inú ìtàn ni kí ẹ ti dáhùn. Ẹ má jáde sí wọn." Mo máa ń jókòó níwájú pátápátá, n kò ní fẹ́ lọ tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ láyé mi nígbà náà kò ju kí èmi náà dúró síbẹ̀ lọ. Mo fẹ́ ẹ ju ẹran iléyá lọ.

Mo wà ní ìwé kẹrin nígbà tí Bọ̀dá Láńre kọ ìtàn ìyá tó ń padà. Nínú ìtàn náà, ìgbà kan ń bọ̀ tí àwọn arúgbó kò ní máa kú mọ́. Bí wọ́n bá ti gbó dé ibì kan, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Ara tó hunjọ á jọ̀lọ̀, eyín á tún hù, wọn á máa kéré sí i, títí wọn á fi di ọmọ ọwọ́ tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá tó dàgbà jù lọ nílẹ̀ Ẹ̀gbá ti wá rí bí ọmọ ìwé kẹrin, ó sì kù díẹ̀ kó gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀. Àwọn ará ìlú ń sáré wá kí i, kí wọ́n lè bi í ní ohun tí òun nìkan mọ̀ kí ọjọ́ tó lọ.

Wọ́n ń wá ọmọdébìnrin tó máa ṣe ìyá yìí. Bàbá mi ní òun ní ọ̀kan nílé.

Ohun tí mo ní láti ṣe kò le. Kí n jókòó sórí àga, kí àwọn àgbà máa wá dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n máa kúnlẹ̀, kí n sì máa dá wọn lóhùn. Èmi ni ìtàn náà sọ di àgbà, n kò gbọdọ̀ dìde. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá ti dọ̀bálẹ̀ nígbà ìdánrawò, eékún mi á ti kanlẹ̀. Wọ́n gbé mi sórí àga gíga, mo kúnlẹ̀ lórí àga náà. Bàbá mi gbé abọ́ omi lé mi lórí itan, ó ní bí mo bá kúnlẹ̀, á dà sí mi lára. Mo rin gbindin. Bọ̀dá Láńre nu ojú rẹ̀, ó ní ọmọ kan wà níléèwé òun ní Owódé tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan òun tíṣà, bóyá kí àwọn lọ mú un wá. Mo sunkún títí mo fi délé.

Ẹkún yẹn ni Alhaja fi gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Inú bí i. Ó pe bàbá mi, ó ní, "O fẹ́ kọ́ ọmọ yìí láti jókòó máa wo àgbà lórí ìkúnlẹ̀? Bó bá mọ́ ọn lára, ta ni yóò bá ọ tú u kúrò?" Bàbá mi ní eré ni. Alhaja ní òun mọ̀ pé eré ni, ara ọmọ kò mọ̀. Ó wá yíjú sí mi. "Àbẹ̀kẹ́, mo ń bọ̀ wá fi ojú ara mi rí i. Bí n kò bá fẹ́ràn ohun tí mo rí, o ò tún dé ibẹ̀ mọ́."

Mo ti wá há sáàárín. Bí mo bá kúnlẹ̀, ọmọ Owódé ló ni àga náà. Bí mo bá jókòó, Alhaja á mú mi kúrò níbẹ̀ títí láé.

Ní Sátidé yẹn, gbọ̀ngán kún dé ojú fèrèsé. Alhaja da ìborùn funfun borí, ó mú tẹ̀súbáà dání, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti fún ẹnu pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ka nǹkan. Èmi jókòó sórí àga, mo di ẹ̀gbẹ́ àga náà méjèèjì mú. Bàbá mi wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí àtàrí bàbá mi láti òkè. Irun ti ń tán níbẹ̀. Ó ya mí lẹ́nu débi pé mo gbàgbé láti kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

Mo ní, "Dìde, ọmọ mi." Ohùn mi sì jáde.

Láti ìgbà yẹn ni nǹkan ti rọ̀ mí lọ́rùn. Àwọn eléré wá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dá wọn lóhùn bí ìwé ṣe wí. Kò pẹ́ tí èrò fi dá sí i. Bàbá kan dìde, ó ní, "Ìyá, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa, ta ló ni ín gan-an?" Kò sí i nínú ìwé, ṣùgbọ́n mo rántí òfin Bọ̀dá Láńre. Mo ní, "Nígbà tí mo débẹ̀, igbó ni." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ń gbá bẹ́ǹṣì. Mo yọjú wo Alhaja, kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni Alhaja dìde. Mo rò pé ó fẹ́ wá mú mi lọ ni. Ó kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó tún ìborùn ṣe, ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, eékún méjèèjì kanlẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́, Ìyá," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbàgbé, ṣé ẹ mọ ìyá mi? Sàláwátù lorúkọ rẹ̀, aláró ni. Mo kéré nígbà tó kú. N kò rántí ojú rẹ̀."

Ìyá tó tọ́ mi ló wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, gbogbo ara mi sì fẹ́ wálẹ̀ lọ bá a. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Kì í ṣe èmi ló ń wò. Bí mo bá kúnlẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló máa bá níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ kò sì lè mọ ìyá rẹ̀. Mo di àga mú títí ọwọ́ fi ń dùn mí.

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ahọ́n rẹ̀ kì í mọ́ tán. Bó bá rẹ́rìn-ín sí ọ, àwọ̀ aró lo kọ́kọ́ máa ń rí."

Alhaja fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ẹ̀rín ló ń rín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá," ó sì padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí bí a ṣe ń lọ sílé. Ìdí àwọn ìkòkò ni Alhaja kọ́kọ́ yà sí. Ó wá bi mí pé, "Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà. Ẹ ní aláró ni wọ́n. Mo rò pé gbogbo aláró ló ń tọ́ ọ wò."

Ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọwọ́ lòun fi ń mọ aró. Ó máa ń bá mi jà pé kí n yé fi ẹnu kàn án. Látọjọ́ yìí, n kò mọ ibi tí mo ti rí i kọ́." Ó ṣí ìkòkò kan, ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tún dé e. "Ó dáa. Kí mi ní ìkí alẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí títí eékún méjèèjì fi kanlẹ̀ dáadáa, ó wá ní, "Sátidé tó ń bọ̀, sọ fún bàbá rẹ kó gba àyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé." Ayọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn, n kò tíì rí irú rẹ̀.

Alhaja ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Wọ́n ti da sìmẹ́ǹtì sí ojú ibi tí àwọn ìkòkò wà, òórùn kankan kì í jí mi mọ́, fóònù ló ń jí mi. Èmi náà ti di ẹni tó ń jáde lọ sí Èkó ní ìdájí. Ní ọ́fíìsì wa, orí la fi ń kí ọ̀gá, a ó mì í díẹ̀, a ó sì kọjá. Eékún tí abọ́ omi kò lè dá dúró nígbà kan ti wá le bí igi. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ àgbà, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀.

Ẹgbẹ́ Olóhùn ṣì wà. Orí Bọ̀dá Láńre ti funfun, kò sì jẹ́ kí èrò tìtorí ewú yẹn yé bi í ní ìbéèrè bó bá ń kàwé. Sátidé tó kọjá, wọ́n tún ka ìtàn ìyá tó ń padà. Ọmọdébìnrin kan láti Owódé ló jókòó sórí àga, ọmọ ìsinsìnyí, kò nílò abọ́ omi rárá. Ó ń dá àwọn àgbà lóhùn bí ẹni tó bí wọn. Èmi jókòó sáàárín èrò, lórí bẹ́ǹṣì iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. N kò gbèrò láti ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n ní ọjọ́ ti ń lọ, pé ìyá fẹ́ gbàgbé, mo rí ara mi nílẹ̀. Eékún mi dún kí ó tó kanlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́, Ìyá. Ṣé ẹ mọ ìyá àgbà mi? Aláró ni, ní Òwu níbí."

Ọmọ náà wò mí dáadáa, kò kánjú.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ibi tí o kúnlẹ̀ sí yẹn gan-an lòun náà kúnlẹ̀ sí."

N kò mọ ẹni tó sọ fún un, n kò sì bi í. Ó pẹ́ kí n tó dìde. Ilẹ̀ ò bù mí jẹ.